Káàdì Tí Ẹnikẹ́ni Ò Tíì Rí

Ohùn Muhydeen ni, kò sí àní-àní. Ó ń jáde nínú fóònù tó wà lórí tábìlì, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fi okùn fa ọ̀rọ̀ lọ́fun rẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ṣì í sọ ni. Káàdì tuntun tí mo ní Kolden máa gbé jáde lóṣù tó ń bọ̀, kò sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má dúró dè é. Ẹ lọ ra Veraxi Méje tó wà lọ́jà báyìí, kò sóhun tó dà bíi rẹ̀. Ẹ má bínú pé ohùn mi rẹlẹ̀. Ààwẹ̀ ni mo wà."

Fóònù dákẹ́. Mutmainnah fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú. Láti ìgbà tí àbúrò rẹ̀ ti jáde ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Jímọ̀, tó ní òun ń lọ kírun, tí kò sì padà wálé mọ́, kò tíì sí oorun tó kún ojú rẹ̀. Ó ti wá a dé mọ́ṣálááṣí, ó ti wá a dé ilé ìwòsàn, ó ti wá a dé ibi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí. Àfi bí ohùn yìí ṣe ṣàdédé jáde lórí ẹ̀rọ ayélujára láàárọ̀ àná.

"Tún un gbé sí i," ni Morẹ́nikẹ́ wí.

"Mà, mo ti gbọ́ ọ títí ó fi há mi lórí."

"Ìwọ lo gbọ́ ọ. Èmi ò tíì gbọ́ ọ tán."

Ọlọ́pàá ni Morẹ́nikẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó ti fi aṣọ ìjọba sílẹ̀, ó wá fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé bàbá rẹ̀ ní Bẹẹrẹ ṣe ọ́fíìsì, ibẹ̀ ló sì ti ń bá àwọn ará ìlú wá ohun tó bá sọnù lọ́wọ́ wọn. Ó máa ń fọ́ àsálà bó bá ń ronú. Èèpo àsálà ti kún tábìlì lọ́jọ́ náà.

"Kí ni káàdì yìí gan-an?" ló bi í. "Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí o ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó wá dán aṣọ wò lọ́dọ̀ rẹ."

Aránṣọ ni Mutmainnah, ní Ìdí Àrẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àbúrò rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ wàásù. Ó ní káàdì náà ló ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń gbá géèmù ò lè ṣe kí wọ́n má ní in, àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ láti máa ronú bí èèyàn náà ń wá a bí ẹni ń wá omi nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ilé-iṣẹ́ méjì ló ń du ọjà náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lókè òkun: Kolden àti Veraxi. Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni Muhydeen ń ṣe, ṣùgbọ́n ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni pé ó máa ń sọ ohun tí àwọn méjèèjì máa ṣe kí wọ́n tó ṣe é. Fídíò tó gbé jáde kẹ́yìn ló wá tàn dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò rò.

"Ó ní káàdì tuntun ti Kolden ò ní jẹ́ odidi kan mọ́. Ó ní ọpọlọ kéékèèké méjì ni wọ́n máa rán pọ̀, bí ìgbà tí a bá fi ìrépé aṣọ méjì ṣe bùbá kan. Ó ní wọ́n ti parí ẹ̀, wọ́n kàn ń fi í pamọ́ ni. Veraxi ni wọ́n ń dúró dè kó kọ́kọ́ dárúkọ iye tó fẹ́ ta tiẹ̀, kí wọ́n wá ta tiwọn ní ẹ̀dínwó, kí ọjà ọ̀tá kú."

"Gbogbo ayé sì gbà á gbọ́."

"Wọ́n gbà á gbọ́, mà. Ìyẹn ló kó bá a. Àwọn olówó ilẹ̀ òkèèrè ti rán èèyàn wá gbé e torí ó tú àṣírí wọn. Ta ni mo jẹ́ tí mo máa bá irú àwọn yẹn jà?" Ó bú sẹ́kún. "Àtọ̀gbẹ ń ṣe é, mà! Láti kékeré ni. Bí kò bá gba abẹ́rẹ́ lójúmọ́, ikú ni. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì wà nínú fíríìjì nílé, kò sí ẹyọ kan tó dín!"

Morẹ́nikẹ́ gbé àsálà ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Bí kò bá gbà á fún iye ọjọ́ yìí, báwo ni ohùn rẹ̀ á ṣe rí?"

"Á máa bì. Á máa mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́. Kò ní lè dá gbólóhùn kan sọ."

"Ohùn tí mo gbọ́ yìí rẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó já gaara. Ẹnì kan ń fún un ní abẹ́rẹ́ nìyẹn. Ọmọ mi, gbọ́ mi dáadáa: oníṣẹ́ ibi tí wọ́n bá rán wá láti ọ̀nà jíjìn kì í lọ ra oògùn fún ẹni tó jí gbé. Ẹni tó gbé àbúrò rẹ kò fẹ́ kó kú. Ta ló mọ̀ pé àìsàn yìí ń ṣe é?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀, mà. Ó máa ń fi pamọ́. Àwa ilé nìkan."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ààwẹ̀ tó wá sọ yìí ńkọ́?"

"Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Dókítà ti ní kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ láéláé. Kódà nínú Ramadan, kì í gbà á. Kí ló wá fẹ́ gbààwẹ̀ fún nísinsìnyí?"

Morẹ́nikẹ́ dìde, ó mú báàgì rẹ̀. "Ìwọ ló ń sọ ọ́ fún. Kì í jẹ oúnjẹ ẹni tó tì í mọ́lé ni. Jẹ́ ká lọ."

Nísàlẹ̀, Abdulmajeed ń dúró dè wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà rẹ̀. Òun àti Muhydeen ni wọ́n jọ ni ṣọ́ọ̀bù, láti ilé kéú ni wọ́n sì ti jọ ń bọ̀. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Òun ló lẹ àwòrán Muhydeen káàkiri Ọjà'ba, òun ló ń gbé Mutmainnah kiri láti ọjọ́ tí wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀.

"Àǹtí, ṣé wọ́n ti rí nǹkan kan?"

"Wọn ò tíì rí i, Majeed. Máa lọ ṣọ́ọ̀bù, àá bá ọ níbẹ̀."

*

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, inú Ìnsípẹ́kítọ̀ Ayọ̀délé ń dùn. Abẹ́ Morẹ́nikẹ́ ló ti kọ́ṣẹ́ nígbà kan.

"Ọ̀rọ̀ ti parí, Màdáàmù. A ti mú un. David lorúkọ rẹ̀, Èkó ló ti wá. Àwọn èèyàn gbọ́ ọ nígbà tó ń pariwo lé Muhydeen lórí ní ṣọ́ọ̀bù, pé kó dárúkọ ẹni tó ń tú àṣírí Kolden fún un. Kolden ló rán an."

Wọ́n mú David jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, bàtà ò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà. Oníròyìn ni mí. Ìròyìn kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ."

"Kí lo wá ń pariwo sí?"

"Kò fẹ́ dá mi lóhùn ni. Ẹ wò ó, mà, èèyàn kì í kàn jókòó sí Bẹẹrẹ kó máa mọ ohun tó wà nínú yàrá Kolden. Ẹnì kan ń sọ fún un. Tí ẹ bá rí i kẹ́ ẹ tó tú mi sílẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi bi í pé ta ni."

"Kí ni Muhydeen máa ń jẹ láàárọ̀?"

David wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ rú lójú. "Oúnjẹ kẹ̀? Báwo ni màá ṣe mọ̀?"

"Ẹ dá a padà síbi tó wà," ni Morẹ́nikẹ́ wí. Nígbà tí ilẹ̀kùn tì, ó ní, "Òun kọ́. Ẹni tí adìẹ wà lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í bẹ aládùúgbò kó bá òun bi í níbi tó yé sí."

"Ó lè máa díbọ́n, Màdáàmù. Kolden ló sì jọ pé—"

"Ayọ̀délé, bí Kolden bá gbé e, wọ́n á ní kó panu mọ́. Ṣé wọ́n á ní kó máa polówó ọjà ọ̀tá wọn ni?"

"Veraxi nìyẹn nígbà náà."

Morẹ́nikẹ́ yíjú sí Mutmainnah. "Veraxi Méje tó ní kí wọ́n rà yẹn, ṣé wọ́n ṣì ń ṣe é?"

Mutmainnah rántí. Muhydeen ti sọ ọ́ lórí oúnjẹ, ẹ̀wà wà lẹ́nu rẹ̀, tó ń fi ṣíbí júwe. "Rárá, mà. Ó ní wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró. Mẹ́jọ ni wọ́n ń múra àtità. Ó ní bí káàdì Kolden bá ti jáde báyìí, Méje di ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn."

"Veraxi ò sì ní jí èèyàn gbé nítorí ọjà tí òun fúnra rẹ̀ ti pa tì. Ọ̀rọ̀ yìí ò dé òkè òkun rárá. Ẹni tí Veraxi Méje kún ilé rẹ̀ ni ká máa wá, nínú Ìbàdàn yìí."

Ìnsípẹ́kítọ̀ họrí. "Olúṣẹ́gun ni. Òun ló ní ọjà kọ̀ǹpútà tó pọ̀ jù ní gbogbo agbègbè Màpó."

*

Kí Morẹ́nikẹ́ tó rí ọ̀rọ̀ sọ ní ṣọ́ọ̀bù Olúṣẹ́gun, Mutmainnah ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò mọ ìgbà tí eékún rẹ̀ kanlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ dá a padà fún mi. Gbogbo ohun tó bá sọ, á tún un sọ bí ẹ bá ṣe fẹ́. Òun nìkan ló kù fún mi!"

Àgbàlagbà ni Olúṣẹ́gun, ó sanra, kì í tètè bínú. Ìdààmú bá a. "Arábìnrin, dìde. Kí ni mo gbé?"

"Veraxi Méje, ẹ ní in nílẹ̀ àbí ẹ ò ní?" ni Ìnsípẹ́kítọ̀ bi í.

Olúṣẹ́gun kì ọwọ́ bọ àpò. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ṣí ilé ìkẹ́rù tó wà lẹ́yìn. Òfìfo ni. Eruku nìkan ló wà níbẹ̀.

"Wọ́n ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ gbàyè fún tuntun, ni mo bá tà wọ́n tán. Lẹ́yìn náà ni fídíò ọmọ yẹn jáde. Ṣe ni mo dọ̀bálẹ̀ níbí yìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ká ní wọ́n ṣì wà lọ́wọ́ mi ni, mo gbé."

"Ta ló rà wọ́n?" ni Morẹ́nikẹ́ bi í, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ẹnì kan ṣoṣo ló kó gbogbo ẹ̀. Mo tiẹ̀ rò pé òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ni wọ́n jọ rà á. Ó ní òun fẹ́ to kọ̀ǹpútà jọ, kí òun máa fi yá àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ lókè òkun. Mo gbọ́ pé ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló tà." Ó wo Mutmainnah. "Ọ̀rẹ́ àbúrò rẹ ni. Abdulmajeed."

Mutmainnah rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò rí bí ẹ̀rín. Abdulmajeed tó sùn ní pálọ̀ wọn lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́? Abdulmajeed tó bá a fọ ẹsẹ̀ nígbà tó wó lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé òkú?

"Nígbà tí o ní àwa ilé nìkan ló mọ̀ nípa àìsàn yẹn," ni Morẹ́nikẹ́ wí jẹ́jẹ́, "ta lo kà mọ́ ọn?"

Mutmainnah ti ka Abdulmajeed mọ́ ọn. Abdulmajeed ló gbé Muhydeen sẹ́yìn lọ ilé ìwòsàn nígbà tí àìsàn náà gbé e ṣubú nílé ìwé. Kò tiẹ̀ rò ó kó tó kà á mọ́ ọn.

Ìnsípẹ́kítọ̀ ti ń fa ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yọ. Morẹ́nikẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bí o bá mú un báyìí, á sẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọmọ yẹn ò ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Mutmainnah, bí èèyàn bá gba abẹ́rẹ́ yìí tí kò jẹun, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀?"

Mutmainnah ya ẹnu láti sọ ọ́. Kò tíì ro ọ̀rọ̀ náà dé ibẹ̀.

"Má sọ ọ́ fún mi," ni Morẹ́nikẹ́ wí. "Ibi tí mo bá ti bi ọ́ ni kó o ti sọ ọ́. Òótọ́ nìkan ni kó o sọ."

*

Abdulmajeed ń gé bébà tí yóò fi lẹ àwòrán nígbà tí wọ́n wọlé. Ó gbé àga fún Morẹ́nikẹ́, ó gbé omi fún Mutmainnah. Mutmainnah wo ọwọ́ tó fi gbé omi náà, kò sì gbà á. Ìnsípẹ́kítọ̀ dúró síta.

"Jókòó, ọmọ mi," ni Morẹ́nikẹ́ sọ fún un. "A ò tíì rí ẹni tó gbé e. Àìsàn rẹ̀ ni mo ní kí àǹtí rẹ̀ ṣàlàyé fún mi, bóyá á là wá lójú. Mutmainnah, abẹ́rẹ́ yẹn, oògùn tí kò lè pani lára ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Ó lè pani, mà." "Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń fà wálẹ̀. Oúnjẹ ló máa ń bá a jà. Bí èèyàn bá gbà á lórí ebi, ṣúgà á lọ sílẹ̀ pátápátá. Á kọ́kọ́ máa làágùn, ara rẹ̀ á tutù. Á máa sọ ìsọkúsọ. Lẹ́yìn náà á sùn, kò sì ní jí."

Bébà bọ́ lọ́wọ́ Abdulmajeed.

"Muhydeen sì ní ààwẹ̀ lòun wà," ni Morẹ́nikẹ́ wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Láti àná nìyẹn. Ká sọ pé ẹni tó gbé e láàánú, tó ń fún un ní abẹ́rẹ́ kó má bàa kú. Ká sọ pé ó fún un láàárọ̀ yìí, lórí ebi—"

"Rárá," ni Abdulmajeed wí. "Rárá. Oògùn ni. Wọ́n ní oògùn ni."

"Ìgbà wo ni oorun náà á gbé e, Mutmainnah?"

"Ó ti lè máa sùn báyìí, mà."

"Mo gún un!" Abdulmajeed ti dìde, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. "Mo gún un láàárọ̀! Ó ń làágùn nígbà tí mo fi í sílẹ̀, mo rò pé ooru ni! Àǹtí, mi ò mọ̀! Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀!"

Mutmainnah ti dì í mú lọ́rùn aṣọ. "Níbo? Majeed, níbo?"

"Bẹ́yẹrúnkà. Ilé bàbá mi àgbà, yàrá ẹ̀yìn."

*

Kò sí ọkọ̀ tó lè gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá kíákíá. Ọ̀kadà ni wọ́n gùn, Abdulmajeed níwájú, Mutmainnah lẹ́yìn ẹni tó jí àbúrò rẹ̀ gbé, ó di ìgbànú rẹ̀ mú torí kò sí ibòmíì tó lè dì mú. Morẹ́nikẹ́ àti Ìnsípẹ́kítọ̀ wà lórí òmíràn lẹ́yìn wọn. Abdulmajeed ń sunkún, ó ń fọn fèrè, ó ń sọ̀rọ̀ láìwẹ̀yìn.

"Mo bẹ̀ ẹ́, Àǹtí. Kó tó gbé fídíò náà jáde, mo kúnlẹ̀ fún un. Mo ní kó kàn sún un síwájú díẹ̀ kí n lè tà wọ́n. Ó ní òun ò lè fi irọ́ lé àwọn èèyàn òun lọ́wọ́. Mo fẹ́ tì í mọ́bẹ̀ títí màá fi tà wọ́n ni. Oúnjẹ tó dáa ni mò ń gbé fún un! Kò fẹnu kàn án, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Orúkọ Ọlọ́run nìkan ló wà lẹ́nu Mutmainnah.

Páálí Veraxi Méje kún yàrá náà kan àjà, òórùn páálí àti ooru páànù ló kọ́kọ́ pàdé wọn. Láàárín àwọn páálí ni ẹní wà, lórí ẹní ni Muhydeen wà. Aṣọ rẹ̀ rin gbingbin. Abọ́ ìrẹsì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí eṣinṣin ti gbà. Mutmainnah fọwọ́ kàn án lójú; ó tutù bí omi àmù.

"Muhydeen! Muhydeen, èmi ni!"

Kò mira. Mutmainnah tú báàgì rẹ̀ dà sílẹ̀, ó wá ṣúgà oníhóró tó máa ń mú rìn nítorí rẹ̀, ó fi eyín fọ́ ọ, ó fi itọ́ pò ó, ó wá ń fi ìka ra á sí èrìgì rẹ̀, sábẹ́ ètè, sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó fọ́ òmíràn. Morẹ́nikẹ́ àti Ìnsípẹ́kítọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà. Abdulmajeed kúnlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ Muhydeen, ó di àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń pe orúkọ rẹ̀ bí ọmọdé.

Ó pẹ́. Ó pẹ́ débi tí Mutmainnah fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí wọ́n máa fi wẹ òkú rẹ̀.

Àfi bí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣe mira. Ó gbé mì.

"Ẹ gbé e!" ni Morẹ́nikẹ́ ké. "Ẹ gbé e kíá!"

*

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Ìnsípẹ́kítọ̀ Ayọ̀délé wá sí ilé ìwòsàn. Omi ń kán sínú apá Muhydeen, ojú rẹ̀ ti là. David ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti tú u sílẹ̀, síbẹ̀ kò lọ.

"Ohun kan ṣoṣo ló kù," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. "Ta ló ń sọ àṣírí Kolden fún ọ?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà."

"Má bẹ̀rù."

"Kò sẹ́nì kankan. Mo wo ohun tí wọ́n ti ṣe sẹ́yìn, mo wo ohun tí ọ̀tá wọn ń ṣe, mo wá ronú sí i. Ohun tí mo rò ni mo sọ."

Morẹ́nikẹ́, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Òun gbà á gbọ́.

Ìgbà náà ni David wọlé láìkànlẹ̀kùn, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Kolden ti sọ̀rọ̀ fúnra wọn, gbangba, níwájú gbogbo ayé. Kò sí káàdì tuntun lóṣù tó ń bọ̀. Kò sí títí di ìparí ọdún tó ń bọ̀. Odidi kan ni yóò sì jẹ́ nígbà tó bá dé, kì í ṣe méjì tí wọ́n rán pọ̀. Àwọn èèyàn ti ń du Veraxi Méje ra, ó ti gbówó lórí.

"Mo ṣì í sọ lóòótọ́," ni Muhydeen wí. "Gbogbo ẹ̀ pátá ni mo ṣì sọ."

Mutmainnah dìde. Ara rẹ̀ ń gbóná. Ká ní Abdulmajeed fọwọ́ lẹ́rán díẹ̀ sí i ni, ọjà rẹ̀ ì bá tà, ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ì bá padà, kò sì sẹ́ni tó máa wà ní àhámọ́, kò sẹ́ni tó máa wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fẹ́ lọ sọ ọ́ fún un. Ó fẹ́ dúró níwájú irin àhámọ́ kó sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó sì máa wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń gbọ́ ọ.

Muhydeen na ọwọ́ tí omi ò sí, ó di ìró ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Kò lágbára, bí ọwọ́ ọmọ jòjòló ló rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kí Majeed gbọ́."

Mutmainnah jókòó padà, ó bo ojú rẹ̀, ẹkún wá tú jáde, kò sì mọ èwo nínú àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ló ń sun ún fún.